Ẹ Bi Bàbá Onífíìmù: Kí Ni Ọkọ Mi Rí Nínú Sinimá Kọ́bọ́ì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Mọ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí sinimá kọ́bọ́ì àtijọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: ọdún 18 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka fíìmù ilé-ìkàwé ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà, láyé ìgbà tí ilé-ìkàwé ṣì ń yá èèyàn ní fíìmù inú agolo. Bí fíìmù bá ti òde dé, èmi ni mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ òwú, tí mo máa ń fi ìka tọ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n lè mọ ibi tó ti ya, kí n sì lẹ̀ ẹ́. Ibi iṣẹ́ yẹn ni ìfẹ́ fíìmù kékeré ti wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Houston ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi ti sọ gáréèjì wa di ilé fíìmù. Sinimá kọ́bọ́ì àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, èyí tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí ẹnikẹ́ni tí mo bi léèrè náà ò sì gbọ́ rí. Mo ní kó kúkú ra èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ó ní ìyẹn ò wu òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó dọ́là 140 lé agolo méjì. Bó ṣe ṣí ọ̀kan báyìí, òórùn ọtí kíkan gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ kéékèèké wà nílé wa. Bàbá, ẹ dákun, kí ló rí níbẹ̀? Ṣé òórùn yẹn ò ní ṣe wá ní nǹkan? — Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ṣáájú, nítorí náà òórùn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹ mú rúlà, ẹ wọn ìbú fíìmù náà. Bó bá jẹ́ mìlímítà 16, ìyẹn bí ìbú èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà, ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti iná. Láti 1923 tí Kodak ti gbé irú fíìmù yìí jáde fún ìlò inú ilé ni wọ́n ti ń fi èròjà tí kì í ṣàdédé gbiná ṣe é. Èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 35, tí wọ́n ń lò nílé sinimá, ni kí ẹ bẹ̀rù. Títí di nǹkan bí 1951, nitrate ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná rẹ̀ sì burú jáì: òun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè afẹ́fẹ́ tó fi ń jó, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá rì í sínú omi, yóò ṣì máa jó lọ. Bí ẹ bá rí èyí nínú ẹrù rẹ̀, pàápàá tí ẹ bá ka NITRATE létí fíìmù, ẹ má jẹ́ kó sun ilé yín mọ́jú. Ẹ pe àwọn panápaná àdúgbò yín kí wọ́n wá gbé e.

Ní ti òórùn ọtí kíkan, ogbó fíìmù ni. Ike tí wọ́n fi ṣe é ló ń jẹrà, tí omi kíkan ń ti ara rẹ̀ jáde. Kò ní pa yín, ṣùgbọ́n ó lè máa ta yín lójú àti nímú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì máa ṣeré nítòsí rẹ̀. Àwọn fíìmù yòókù gan-an ló wà nínú ewu, torí pé èéfín kíkan yẹn máa ń ràn. Ooru àti ọ̀rinrin ló sì ń mú un yára, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí gáréèjì ṣe ń rí ní Houston lóṣù kẹjọ. Ẹ ní kí ọkọ yín ya agolo tó ń rùn sọ́tọ̀ lónìí olónìí, kó kó àwọn yòókù wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, kó sì gbé wọn kúrò nínú agolo onírin tó ti dípẹtà bọ́ sínú agolo oníke tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, tó ń jẹ́ Image Permanence Institute. Wọ́n ń ta bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ẹ ó fi í sínú agolo, ẹ ó sì dé e. Bó bá di àwọ̀ ewé, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá di yẹ́lò, ó ti wọra.

Ó tó báyìí lórí òórùn. Ohun tó gbà yín lọ́kàn gan-an ni pé kí ló rí níbẹ̀.

Láàárín 1930 sí 1950, orúkọ kan wà tí wọ́n fi ń pe àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù kéékèèké ní Hollywood: Poverty Row, ká ní Òpópónà Ìṣẹ́. Monogram wà lára wọn, PRC wà lára wọn, Republic tí Herbert J. Yates dá sílẹ̀ ní 1935 ló rí ọwọ́ họrí jù nínú wọn. Wọn ò lówó ọ̀ṣọ́, wọn ò sì lágbára òṣèré ńlá. Ohun tí wọ́n ní ni ẹṣin, òkè, oòrùn California, àti àwọn géńdé tó ń gun ẹṣin bíi pé orí rẹ̀ ni ìyá wọn bí wọn sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n ti ya fíìmù kan tán. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi í hàn ọmọdé àti àgbẹ̀ láwọn ìlú kékeré. Tó bá di Sátidé kejì, òmíràn ti gba ipò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni tún máa béèrè èyí tó ti kọjá.

Fíìmù tó lórúkọ, bíi Stagecoach tí John Ford ṣe ní 1939, olùtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Bí ilé ọkọ yín bá jóná lónìí (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), Stagecoach ò ní gbọ́. Fíìmù kékeré kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bá a nínú agolo ni olùtọ́jú rẹ̀, nígbà mìíràn ẹni náà nìkan sì ni.

Àsọdùn kọ́ ni mò ń sọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje 1937, iná sọ ní ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox ní Little Ferry, ní New Jersey. Ooru ló mú, nitrate ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ fíìmù aláìlóhùn tí Fox ti ṣe ló di eérú lóru ọjọ́ náà, ti Tom Mix sì wà lára wọn, òun àti ẹṣin rẹ̀ Tony. Ọba kọ́bọ́ì ni Tom Mix láyé ìgbà tirẹ̀. Fíìmù tó ṣe lé ní 200, èyí tí ojú wa lè rí lónìí ò pọ̀. Ní 2013, Library of Congress gbé ìwádìí David Pierce jáde: nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn bí 11,000 tí Amẹ́ríkà ṣe, bí 14 nínú 100 péré ló ṣì wà bí wọ́n ṣe gbé e jáde gan-an.

Àwọn tí iná ò jó, òfin àti tẹlifíṣọ̀n ba tiwọn jẹ́. Òfin ìgbà yẹn ní kí oní-fíìmù sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún 28. Ilé-iṣẹ́ tó ti kú kò lè sọ nǹkan kan dọ̀tun. Bí ọ̀pọ̀ fíìmù Òpópónà Ìṣẹ́ ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. Wọ́n dà á kọ, wọ́n tún da àdàkọ kọ, títí ẹ ò fi lè dá ojú ẹṣin mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó gùn ún. Irú àdàkọ yẹn ló kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun lọ̀pọ̀ èèyàn wò tí wọ́n fi ń sọ pé fíìmù náà ò dára. Fíìmù Gene Autry àti ti Roy Rogers, àwọn kọ́bọ́ì olórin, tí Republic ṣe ńkọ́? Wọ́n gé wọn sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 53 fún tẹlifíṣọ̀n, kí ìpolówó ọjà lè ráyè láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá ń wá "ẹ̀dà tó pé" kiri, tó ń san owó tó yà yín lẹ́nu lé e, ẹ má pè é ní agídí. Ohun tó ń wá, ó sọnù lóòótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí ilé sinimá ará Lẹ́bánónì kan n'Íbàdàn, níbi tí àwa olówó pọ́ọ́kú ti ń jókòó sójú ọ̀run. A ò mọ orúkọ fíìmù, a ò sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Áàtọ̀, ìyẹn akọni, la mọ̀, Bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí ọ̀tá rẹ̀, la mọ̀, a sì mọ̀ pé Áàtọ̀ kì í kú. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Áàtọ̀ mẹ́ta ló wà. Nígbà tí gbogbo ìjà parí, wọ́n dúró lórí ẹṣin, wọ́n nawọ́ sí ara wọn, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé wọ́n jà ni. Ó ní rárá, iṣẹ́ ló parí, oníkálukú ń lọ ilé rẹ̀.

Mo gbé àwòrán yẹn sáyà láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní 1987, fídíò ti gba òde, ilé-ìkàwé wa ń kó fíìmù dànù. Wọ́n to agolo sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn de ọkọ̀ akólẹ̀. Mo tọrọ àyè, wọ́n ní kí n mú ohun tó bá wù mí, mo sì kó ohun tí ọwọ́ mi gbà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tan ẹ̀rọ sinimá kọjú sí ògiri ilé ìdáná mi, mo rí àwọn ọkùnrin mẹ́ta lórí ẹṣin. Ara mi bù máṣọ. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Rough Riders ni: Buck Jones, Tim McCoy àti Raymond Hatton. Mẹ́jọ ni fíìmù tí Monogram gbé jáde nípa wọn ní 1941 àti 1942, ọ̀kan nínú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ń dúró de ìdágbére. Bí wọ́n ṣe mú Bọ́ọ̀sì báyìí, fíìmù já. Ojú ìlẹ̀mọ́ wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹnì kan nílé tẹlifíṣọ̀n kan ló gé ìparí rẹ̀, bóyá kí ìpolówó ọṣẹ lè wọlé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá ìṣẹ́jú kan yẹn. Ní 1996, mo gbọ́ pé opó kan ní Pennsylvania fẹ́ ta ẹrù ọkọ rẹ̀ tó kó fíìmù jọ nígbà ayé rẹ̀. Mo wakọ̀ débẹ̀. Nínú àjà ilẹ̀ rẹ̀, agolo kan ní orúkọ fíìmù mi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ. Mo tú u láti ẹ̀yìn lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, mo gbé e sókè sí gílóòbù, mo fi gíláàsì wò ó. Férémù 40 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan fíìmù 16. Mo ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan: fìlà mẹ́ta, ẹṣin mẹ́ta, ọwọ́ Buck Jones tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti férémù kan sí òmíràn, bí ìgbà tí ewé bá ń ṣí. Wọ́n pé. Buck Jones kọjú sí Arizona, Tim McCoy kọjú sí Wyoming, Raymond Hatton kọjú sí Texas. Opó náà bi mí pé kí ló dé tí mo ń sunkún. Dọ́là 35 ló gbà lọ́wọ́ mi, kò gbà kí n fi kún un.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ lọ́mọdé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 1942, iná jó ilé fàájì Cocoanut Grove ní Boston, ẹ̀mí tó lọ sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Buck Jones wà nínú ilé náà. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Tim McCoy ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà náà, kò sì sí nínú fíìmù ìkẹyìn tí Buck Jones ṣe lẹ́yìn àwọn mẹ́jọ yẹn. Ìdágbére tí wọ́n ń ṣe lópin fíìmù di ìdágbére tòótọ́. Ẹni tó gé e fún ìpolówó ọjà ò mọ ohun tó ń gé.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí akófíìmùjọ ń wá. Gbogbo ayé ló mọ ibi tí ọkùnrin kan ti já bọ́ sáàárín ẹṣin tó ń sáré nínú Stagecoach, tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin gba orí rẹ̀ kọjá. Yakima Canutt ni ọkùnrin náà, inú àwọn fíìmù kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ka orúkọ wọn ló sì ti kọ́kọ́ dán an wò. John Wayne pàápàá, fíìmù 16 ló ṣe láàárín 1933 sí 1935 fún Lone Star, ilé-iṣẹ́ tí Monogram ń bá pín fíìmù rẹ̀. Ibẹ̀ lòun àti Canutt ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ tí kò kan ara, tí òǹwòran á sì mi orí. Ẹni tó bá wo fíìmù ńlá ń jẹ àsè. Ẹni tó bá wo àwọn kékeré wọ̀nyí wọ ilé ìdáná.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àpáta ló gbà wọ́n lọ́kàn. Lábẹ́ òkè Whitney ní California, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Lone Pine. Láti 1920 ni wọ́n ti ń ya fíìmù láàárín àwọn àpáta Alabama Hills tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù 66 tí William Boyd fi ṣe Hopalong Cassidy, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya á. Láti 1990 ni àjọ̀dún fíìmù ti ń wáyé níbẹ̀ lọ́dọọdún, mo sì lọ ní 2004. Mo rí àgbẹ̀ kan tó mú fọ́tò fíìmù dání, tó ń sún síwá, tó ń sún sẹ́yìn, títí ìlà tó sán lára àpáta inú fọ́tò fi bá ìlà tó sán lára àpáta gidi mu. Ó dúró síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti gun Olúmọ lọ́mọdé, ó yé mi. Òṣèré ti kú, ẹṣin ti kú, ilé-iṣẹ́ ti kú, ìlà ara àpáta wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ bá a ṣe àdéhùn owó oṣooṣù, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Sátidé kan, ẹ ní kó tan ọ̀kan síta, ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin àtòun jọ wò ó. Ẹ bi í pé níbo ló ti kọ́kọ́ rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ábẹ́òkúta. Bọ̀ọ́dá mi ní kò sí kọ́bọ́ì dúdú kankan láyé àtijọ́, pé àwọn oní-fíìmù òde òní ló hùmọ̀ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà? — Ọmọ Ẹ̀gbá

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bọ̀ọ́dá rẹ ṣì í o. Sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kó má bínú.

Texas ni wọ́n bí Bill Pickett sí ní 1870, ọmọ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí. Òun ló dá eré kan sílẹ̀: á ti orí ẹṣin tó ń sáré fò lé màlúù lórí, á di ìwo rẹ̀ mú, á fi eyín gé e létè bí ajá ọdẹ, màlúù á sì ṣubú. Ó bá ẹgbẹ́ eléré 101 Ranch ti Oklahoma rìn kiri ayé. Ní 1922, Richard Norman, òyìnbó kan tó ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Jacksonville, ní Florida, fi í ṣe The Bull-Dogger. Ó tún gbé e sínú The Crimson Skull. Ìlú Boley l'Oklahoma, ìlú tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló tẹ̀ ẹ́ dó tí wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀, ni wọ́n lọ fún iṣẹ́ náà. Àjákù ló kù nínú The Bull-Dogger. Pósítà rẹ̀ wà, ó sì rẹwà: Pickett fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gàgàrà. Àwọn tó ń kó pósítà jọ ń wá a bí ẹni wá wúrà.

Ṣáájú ìyẹn, Oscar Micheaux, tó ti dáko rí ní South Dakota, ti ṣe The Homesteader ní 1919. Ìyẹn ti sọnù pátápátá. Ó ṣe The Symbol of the Unconquered ní 1920, ìtàn ọmọbìnrin dúdú kan tó lọ gba ilẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀dà tó kù? Ní Bẹ́ljíọ̀mù. Òkè òkun ló bá a tọ́ ọmọ tí ilé rẹ̀ sọ nù, wọ́n sì ní láti tún àwọn ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí ará Amẹ́ríkà tó lè kà á.

Lẹ́yìn náà ni Herb Jeffries dé. Olórin ni, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga, ó sì bá ẹgbẹ́ Duke Ellington kọrin lẹ́yìn náà. Láàárín 1937 sí 1939, ó ṣe fíìmù kọ́bọ́ì mẹ́rin tó jẹ́ pé dúdú ni gbogbo òṣèré wọn: Harlem on the Prairie, Two-Gun Man from Harlem, The Bronze Buckaroo àti Harlem Rides the Range. Murray's Dude Ranch lẹ́bàá Victorville, ní California, ni wọ́n ti ya díẹ̀ nínú wọn. Tọkọtaya aláwọ̀ dúdú ló ni ibẹ̀, torí pé ibòmíràn kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Joe Louis abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò náà ṣe àlejò níbẹ̀ rí. Jeffries pẹ́ láyé, ọdún 2014 ló tó kú, ẹni 100 ọdún.

Wo The Bronze Buckaroo fúnra rẹ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn á sọ pé eré rẹ̀ le bíi pákó, kò parọ́. Owó ò sí, ọjọ́ ò sí. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọ̀rẹ́ Áàtọ̀ ti fi owó ra ìbaaka torí ó gbà pé ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Rántí àwọn tí wọ́n ṣe é fún: ọmọ dúdú ní Mississippi tàbí Georgia tí òfin ò gbà láyè láti jókòó pẹ̀lú òyìnbó nílé sinimá, tó ń rí ẹni tó jọ bàbá rẹ̀ lórí ẹṣin, nínú ẹ̀wù tó mọ́, tí ń kọrin, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a dúró lọ́nà. Ẹ̀dà irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ilé sinimá díẹ̀ ló ń gbà á, wọ́n á sì fi í hàn títí etí rẹ̀ á fi gbó. Nítorí náà ni ojú fi ń là wá nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé agolo kan jáde. Ní 1983, wọ́n rí odidi ìdì fíìmù aláwọ̀ dúdú nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tyler, ní Texas, ó sì wà ní Southern Methodist University ní Dallas títí dòní. The Blood of Jesus tí Spencer Williams ṣe ní 1941 wà nínú rẹ̀. Spencer Williams yìí kan náà ló ṣeré nínú àwọn fíìmù Jeffries, tó sì bá wọn kọ ìtàn Harlem Rides the Range. Tí ìwé rẹ bá parí, tí Ọlọ́run bá gbé ẹsẹ̀ rẹ dé Dallas, lọ béèrè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo rí pósítà kọ́bọ́ì kan rà ní ọjà àlòkù nítòsí Peckham. Ẹni tó tà á ní ti àtijọ́ gidi ni, láti Amẹ́ríkà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? — Àbúrò yín, London

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o sì wọ̀n ọ́n. Pósítà ilé sinimá Amẹ́ríkà ìgbà náà jẹ́ íǹṣì 27 níbùú, íǹṣì 41 lóròó. Bó bá jẹ́ 24 sí 36, ọjà òde òní ni, gbé e kọ́ ògiri kó o gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ojú ìṣẹ́po. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ pósítà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí náà èyí tó bá dán gbinrin láìní ìlà kankan, ṣọ́ra fún un. Fi ìka tọ ìlà náà: ti tòótọ́ ti rọ̀, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlà tí wọ́n kàn yà sórí bébà, ìka rẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ fíìmù tó jáde láti 1940 síwájú, wo igun ọ̀tún nísàlẹ̀. National Screen Service ló ń pín ọ̀pọ̀ pósítà láti ọdún yẹn, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà sí i, bí àpẹẹrẹ 42/310. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, ìyókù ni nọ́ńbà fíìmù. Bó o bá rí lẹ́tà R níwájú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n tún fíìmù náà gbé jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kì í ṣe ti ìgbà àkọ́kọ́. Iye rẹ̀ á dínkù lọ́jà, àmọ́ ojúlówó ni. Èyí tó wà lára ògiri mi níbi tí mo jókòó sí yìí ní R lára, fìlà mẹ́ta sì wà níbẹ̀.